Ẹyẹ Inú Eèsún Àlàájì Ọláníyan

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Bàbá Ọládòṣù ṣì wà láyé. Àbúrò rẹ̀ tó ń rán fìlà ṣì wà láyé, ìyá ẹlẹ́kọ tó máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà agbo ilé wọn ní Ẹdẹ náà ṣì wà, kò sì sẹ́ni tó mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ lọ nínú wọn. Ojú Bàbá nìkan ni kò sí mọ́. Ó ti fọ́ láti ọdún mẹ́rin, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ń rí ohun tí ojú ẹlòmíràn ń fò kọjá.

Ní àárọ̀ Sátidé kan tí ọyẹ́ ń la èèyàn létè, Kafilat, ọmọ-ọmọ rẹ̀, jókòó lórí pẹpẹ ìṣọ́ láàárín oko ìrẹsì tó wà ní àkùrọ̀ ojú ọ̀nà ìlú Ara. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ọdún tó ń bọ̀ ni yóò ṣe ìdánwò àṣejáde. Ìwé àjákọ wà lórí itan rẹ̀, báírò wà láàárín eyín rẹ̀. Zulfah ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó fi ìborùn we ara rẹ̀ bí ọmọ tuntun. Kafilat fa okùn tí wọ́n so agolo mọ́ láti fi lé ẹyẹ. Agolo dún gbàlàgàlà, ẹyẹ sì bú jáde láti inú ìrẹsì bí ìgbà tí èèyàn gbọn eruku lára ẹní.

"Mélòó?" Zulfah bi í.

"Mẹ́tàlélógójì."

"Ajẹrẹsì gbogbo wọn?"

"Ṣebí inú ìrẹsì ni wọ́n ti fò jáde. Kí ni kí n wá pè wọ́n, adìyẹ?"

Zulfah rẹ́rìn-ín. Kafilat kọ ọ́ sílẹ̀: ajẹrẹsì, mẹ́tàlélógójì.

Bí wọ́n ti ń ṣe é ní àkùrọ̀ náà látọjọ́ tó ti pẹ́ nìyẹn. Ibi tí ẹyẹ bá ti fò dìde ni wọ́n fi ń sọ ọ́ lórúkọ. Èyí tó bá ti inú ìrẹsì jáde, ajẹrẹsì ni, kò sẹ́ni tó ń wo ẹnu rẹ̀ mọ́. Lásìkò òjò, èyí kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan, nítorí ẹyẹ kan wà tí akọ rẹ̀ máa ń wọ pupa àti dúdú bí ẹni ń lọ sóde, akọ ẹ̀gà náà a sì wọ àwọ̀ ìyeyè. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn á dá wọn mọ̀. Àmọ́ bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, ẹyẹ pupa á bọ́ aṣọ rẹ̀, á wọ àwọ̀ ilẹ̀ bíi ti ìyàwó rẹ̀. Abo ẹ̀gà á jọ ọ́. Ológoṣẹ́ á jọ ọ́. Ẹyẹ tíntín tí kò ju àtàǹpàkò lọ náà á jọ ọ́. Gbogbo wọn á wá rí bákan náà lójú, bí ẹ̀wà inú àpò.

Ohun tó fà á tí Kafilat fi ń ka ẹyẹ ni pé ẹyẹ ti jẹ ìrẹsì àwọn àgbẹ̀ àkùrọ̀ náà run lọ́dún tó kọjá. Àlàájì Ọláníyan, bàbá Zulfah, tó jẹ́ olórí wọn, lọ bá àwọn elétò ọ̀gbìn kan pé kí wọ́n wá fín májèlé sí eèsún gíga ìsàlẹ̀ àkùrọ̀, níbi tí ẹyẹ ti ń sùn. Àwọn yẹn ní àwọn yóò wá, ṣùgbọ́n kí ẹnì kan tó mọ̀wé kọ́kọ́ ka ẹyẹ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ó kọ irú wọn sílẹ̀, kí ó sì fọwọ́ sí i. Àlàájì ní ta ni ìbá tún ṣe é bí kò ṣe Kafilat, ọmọ-ọmọ Ọládòṣù tó fi ogún ọdún ṣọ́ ẹyẹ lóko bàbá òun. Inú Kafilat dùn sí i. Kò sì gbàgbé pé ilẹ̀ ìdílé Ọláníyan ni Bàbá fi ń dáko. Ilẹ̀ yẹn ni wọ́n fi ń jẹun, òun ni wọ́n fi ń rán an níléèwé.

Ní ọjọ́ kẹrin, Bàbá ní kí wọ́n mú òun dání. Ọ̀kadà gbé e dé etí oko, Kafilat fà á lọ́wọ́ dé abẹ́ pẹpẹ, ó sì jókòó lórí agolo epo kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Kafilat gun òkè, ó fa okùn. Ẹyẹ fò.

"Mélòó lo kọ?" Bàbá béèrè.

"Ọgbọ̀n, Bàbá. Ajẹrẹsì."

"Ajẹrẹsì mẹ́jọ ló gba orí mi kọjá. Àwọn yòókù, ta ni wọ́n?"

"Bàbá, mo rí wọn. Aláwọ̀ ilẹ̀ ni gbogbo wọn."

"Aláwọ̀ ilẹ̀ lèmi náà. Kọ mí mọ́ wọn."

Zulfah fi ìborùn bo ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀. Bàbá gbé ìka kan sókè.

"Ẹ dákẹ́, kí ẹ gbọ́. Èyí tó ń ṣe ṣẹ̀ẹ̀-ṣẹ̀ẹ̀-ṣẹ̀ẹ̀, bí ẹni ń gbọn iyọ̀ nínú páànù, ajẹrẹsì nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ nípọn. Ó yá, ẹ gbọ́ èkejì: kirr, kirr, bí ẹni ń yí kọ́kọ́rọ́ aago àtijọ́. Ìyẹn ò lè fọ́ èèpo ìrẹsì láéláé. Ẹnu rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Kòkòrò ló ń wá kiri."

Kafilat fetí sílẹ̀. Ariwo kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ gbọ́, bí ariwo ọjà téèyàn ń gbọ́ láti òkèèrè. Inú bí i. Ọjọ́ mẹ́ta ló ti fi ka ẹyẹ, ó ti kún ojú ewé mẹ́fà, arúgbó tí kò ríran wá jókòó sórí agolo, ó ní kò kà á dáadáa.

"Bàbá, ẹ má bínú, ṣé kì í ṣe ẹyẹ ayé ìgbà yín lẹ ń sọ?"

"Bí o bá rò pé mò ń parọ́, ta àwọ̀n."

Ó ta á. Ní ìrọ̀lẹ́, ẹyẹ méjì há sínú àwọ̀n àtijọ́ tí Bàbá tọ́jú sí àjà. Kafilat mú ọ̀kan sí ọwọ́ ọ̀tún, ó mú èkejì sí ti òsì. Láti orí pẹpẹ, kò sí bí yóò ṣe ní wọn kì í ṣe ìbejì. Nínú ọwọ́ ẹ̀wẹ̀, ọ̀kan wúwo díẹ̀, ẹnu rẹ̀ rí bí orí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ, omi funfun ìrẹsì tútù sì gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu. Ó fi ẹnu náà bu Kafilat lọ́wọ́ jẹ, ó dùn ún wọra. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má wúwo ju ewé lọ. Ẹnu rẹ̀ tín-ín-rín, ìyẹ́ labalábá funfun kan ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Kafilat mọ labalábá yẹn. Òun ló ń yé ẹyin sára ìrẹsì, ọmọ rẹ̀ a wọ inú pòròpórò, a sì jẹ ẹ́ láti inú wá.

Ó tú àwọn méjèèjì sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fa igi gbọọrọ sí ojú ewé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

"Kafi, orí ẹ dà rú ni?" Zulfah sọ. "Ọjọ́ mẹ́ta la fi jókòó sínú ọyẹ́."

"Mo kọ ohun tí mi ò mọ̀."

"Ta ló máa mọ̀ pé o ò mọ̀?"

"Èmi mọ̀."

Láti ọjọ́ yẹn, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Ó ń jí lọ lẹ́yìn ìrun àsùbáà, ó tún ń lọ bí iléèwé bá ti jáde, a sì dúró di ìrọ̀lẹ́ wo àwọn tó ń wọ inú eèsún lọ sùn. Bàbá ń gbọ́ láti ìsàlẹ̀, òun ń wò láti òkè, nítorí ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ó ń wo ẹnu, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń dúró. Ajẹrẹsì a fi gbogbo ara tẹ orí ìrẹsì títí yóò fi tẹ̀ ba. Ẹlẹ́nu abẹ́rẹ́ a fi ẹsẹ̀ kan di pòròpórò kan mú, a fi èkejì di òmíràn, ìrù rẹ̀ a sì máa mì. Èyí tí kò bá dún, tí kò sì jẹ́ kí òun rí ẹnu rẹ̀, Kafilat a kọ àmì ìbéèrè sí i.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, ìwé náà ti dọ̀tí, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú rẹ̀ yé èèyàn. Nínú ẹyẹ mẹ́wàá tó ń wọ inú eèsún lọ sùn, ẹlẹ́nu abẹ́rẹ́ ni méje. Ọ̀pọ̀ ajẹrẹsì kò tilẹ̀ yà síbẹ̀. Wọ́n ń jẹun tán, wọ́n ń fò kọjá lọ sí òkè odò.

Àlàájì Ọláníyan ránṣẹ́ pè é sí abà. Ó ń gé èékánná, kò gbójú sókè.

"Zulfah ní o pín ẹyẹ sí méjì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Oríṣi méjì ni wọ́n, àti àwọn tí mi ò mọ̀."

"Ẹyẹ ni ẹyẹ, ọmọ yìí. Bí májèlé bá bọ́ sí eèsún, ṣé ó máa béèrè irú ẹnu tí ẹyẹ ní ni?"

"Kò ní béèrè, sà. Ìdí tí mo fi kọ ọ́ nìyẹn."

Ó dáwọ́ èékánná dúró. "Lọ kọ gbogbo rẹ̀ ní ajẹrẹsì. Ilẹ̀ tí bàbá àgbà rẹ ń ro, mi ò gba ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀ rí, nítorí mo ń bọ̀wọ̀ fún wọn. Má jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í ronú sí i. Ẹnu ẹyẹ ní í pẹyẹ, Kafilat. Má jẹ́ kí ẹnu tìẹ pa ilé yín."

Nígbà tó sọ ọ́ nílé, Ìyá Fàtímọ̀, ìyàwó Bàbá, fi ìgbálẹ̀ tó ń fi gbálẹ̀ lélẹ̀.

"Kọ ohun tó ní kí o kọ," ó wí. "Ẹyẹ kì í ṣe ìbátan wa. Bí wọ́n bá gba ilẹ̀, ṣé ẹyẹ ni yóò máa gbé oúnjẹ wá fún wa?"

Kafilat wo Bàbá. "Bàbá, kí lẹ fẹ́ kí n ṣe?"

"Ìyá Fàtímọ̀ kò purọ́," Bàbá sọ. "Ebi ò mọ àgbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èmi ni n ó fọwọ́ sí ìwé yẹn, kì í ṣe Ìyá Fàtímọ̀. Orúkọ rẹ ni yóò wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Èmi ti jẹ ìrẹsì tèmi láyé."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀," Ìyá Fàtímọ̀ ní. "Bí ẹni pé kò ní jẹun lálẹ́ òní."

Ní ọjọ́ ìpàdé, gbogbo àgbẹ̀ àkùrọ̀ péjọ sí abà. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìyáàfin Ọ̀ṣuntọ́lá wá láti ọ̀dọ̀ àwọn elétò ọ̀gbìn, bàtà rọ́bà ló wọ̀ dé orúnkún. Àlàájì na ìwé kan sí i, funfun nini, gbogbo ìlà rẹ̀ tò gbọọrọ. Kafilat mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ọwọ́ Zulfah ni. Zulfah sì ń wo ilẹ̀.

"Ìwé ọmọ náà dọ̀tí díẹ̀," Àlàájì sọ, "la ṣe tún un kọ. Kafilat, wá fọwọ́ sí i."

Kafilat dìde.

"Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, sà. Mi ò lè fọwọ́ sí i."

Àgbẹ̀ kan tó wà lẹ́yìn ní, "Àbí ẹ ò rí ọmọ yìí? Ṣé ẹyẹ ló bí i ni?"

"Ènìyàn ló bí mi, sà," Kafilat dáhùn láìwẹ̀yìn. "Ènìyàn náà ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ka ẹyẹ." Ó yọ ìwé àjákọ tirẹ̀ láti abẹ́ híjáàbù, ó kúnlẹ̀, ó sì fi lé Ìyáàfin Ọ̀ṣuntọ́lá lọ́wọ́.

Obìnrin náà ṣí i, ó ń kà á ní ewé kọ̀ọ̀kan. Ó rí ojú ewé mẹ́fà tí wọ́n fagi lé. "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Mo ṣì wọ́n pè, mà."

"Àmì ìbéèrè yìí ńkọ́?"

"Méjìlá ni wọ́n, mà. Mi ò mọ̀ wọ́n."

Abà bú sẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń ka ẹyẹ tí kò mẹyẹ," ẹnì kan sọ, wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Àlàájì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ìyáàfin Ọ̀ṣuntọ́lá dúró títí wọ́n fi rẹ́rìn-ín tán. "Nínú gbogbo ìwé tí wọ́n ń kó wá bá mi," ó wí, "kò sí ẹyẹ kan tí kò lórúkọ, kò sẹ́ni tó ṣì í rí. Èyí nìkan ni mo lè gbé dé iwájú ọ̀gá mi." Ó dúró di ìrọ̀lẹ́, ó lọ wo eèsún fúnra rẹ̀. Nígbà tó padà, ó ní àwọn ò ní fín májèlé síbẹ̀. Àwọ̀n ni àwọn yóò kó wá fún oko apá òkè, níbi tí ajẹrẹsì pọ̀ sí.

Ì bá dára ká ní àwọ̀n náà tètè dé. Kò tètè dé. Nígbà tí ó fi máa dé, ajẹrẹsì ti jẹ lára ìrẹsì apá òkè, Kafilat sì ni gbogbo ènìyàn ń bú. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Bó bá ń lọ síléèwé, àwọn kan á fi ẹnu ṣe kirr, kirr tẹ̀ lé e. Zulfah kò bá a jókòó mọ́. Ó ní bàbá òun ní kí òun má ṣe bẹ́ẹ̀. Kafilat ní, "Ó dáa," kò sì lọ bẹ̀ ẹ́.

Ọjọ́ tí wọ́n kórè tán ni Àlàájì wá sílé wọn. "Bàbá," ó ní, "ilẹ̀ wa yẹn, a fẹ́ lò ó."

"Ilẹ̀ yín ni," Bàbá dá a lóhùn. "Ẹ ṣé tí ẹ jẹ́ ká lò ó títí di ìsinsìnyí."

Ẹnì kan ní Ara ló fún wọn ní ilẹ̀ kékeré kan, ó jìnnà, òkúta sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n gbìn. Ìrẹsì di ohun tí wọ́n ń jẹ lọ́jọ́ iléyá nìkan. Ìyá Fàtímọ̀ kùn fún oṣù mẹ́ta gbáko. Kafilat ń ti oko bọ̀ wá kàwé, àwọn alẹ́ kan wà tí oorun ń gbé e lọ lórí ìwé. Kò sí ọjọ́ kan tí ó sọ pé òun kábàámọ̀. Bí Ìyá Fàtímọ̀ bá bi í, yóò ní, "Ìyá, méje nínú mẹ́wàá ni. Ká tún un kà lónìí, méje náà ni."

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn padà dé, Àlàájì wá àwọn tirẹ̀ tó ń fín májèlé, wọ́n fín in. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, òkú ẹyẹ tẹ́ sílẹ̀ nínú eèsún bí ewé tó rẹ̀. Kafilat gbọ́, ó lọ. Ó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ìwé. Ó ń yí wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú igi, ó ń wo ẹnu wọn, ó ń kọ ọ́, àwọn òṣìṣẹ́ Àlàájì sì ń wò ó. Kò sẹ́ni tó lé e.

Ìrẹsì tí wọ́n gbìn lẹ́yìn ìyẹn yọ dáadáa, ó sì ga. Ìgbà tó yẹ kó yọ ọmọ ni orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í funfun, tó dúró ṣánṣán, tí kò ní hóró kankan nínú. Ẹni bá fa pòròpórò rẹ̀ yọ á bá kòkòrò nínú rẹ̀. Àwọn kan ní irúgbìn ni kò dára. Àwọn kan ní òjò ló ṣe é. Àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹnu wúyẹ́wúyẹ́ dárúkọ ẹyẹ. Wọ́n wá bi Kafilat léèrè, wọ́n fẹ́ kí ó fi Àlàájì ṣẹ̀sín. Ó ní, "Mi ò ka kòkòrò lọ́dún tó kọjá, mi ò sì kà á lọ́dún yìí. Ẹyẹ ni mo kà." Wọn kò rí èyí tí wọ́n ń wá gbà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kàwé, ẹ gbọ́. Àwọn ènìyàn yóò mú ìwé wá fún yín lọ́jọ́ kan, yóò funfun, ìlà rẹ̀ yóò gún, wọn yóò ní kí ẹ ṣáà fi orúkọ yín sí i. Bí ohun tó wà nínú rẹ̀ kì í bá ṣe ohun tí ẹ rí, ẹ má fi orúkọ yín sí i, ì báà ṣe ọ̀rẹ́ yín ló kọ ọ́, ì báà ṣe oúnjẹ yín ni wọ́n dì mú. Ohun tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ kọ ọ́ pé ẹ kò mọ̀. Ìtìjú kò sí níbẹ̀. Ó lè ná yín ní nǹkan, ó ná Kafilat. Ẹni tó bá sọ fún yín pé òtítọ́ kì í ná èèyàn ní nǹkan, kò tí ì sọ òtítọ́ rí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù Ṣaabani ni Bàbá Ọládòṣù kú. Ó mu ẹ̀kọ ní àárọ̀, ó ní òtútù ń mú òun, ó dùbúlẹ̀, nígbà tí Kafilat yóò fi mú aṣọ ìbora dé, ó ti lọ. Àwọn ọkùnrin agbo ilé bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ààfáà ti dé. Wọ́n ti gbé omi ìwẹ̀ òkú kaná nígbà tí Zulfah wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó kúnlẹ̀ níwájú Ìyá Fàtímọ̀, kò sì lè wo Kafilat.

"Ìyá, ẹ kú ọ̀fọ̀. Bàbá mi ní kí n kí yín. Wọ́n ní ilẹ̀ àkùrọ̀ yẹn wà níbẹ̀, pé ẹ lè gbà á padà. Wọ́n ní kí Kafilat ṣáà wá bẹ àwọn níwájú àwọn àgbẹ̀, kí ó ní òun ṣìṣe."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ yíjú sí Ìyá Fàtímọ̀. Wọ́n mọ bí ó ṣe kùn tó nítorí ilẹ̀ náà. Ìyá Fàtímọ̀ tún gèlè rẹ̀ wé, ó so ó le.

"Dìde, ọmọ mi, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ," ó wí. "Bí o bá délé, sọ fún bàbá rẹ pé a dúpẹ́ ìkíni. Sọ fún un pé ẹni tó kọ́ Kafilat ní ẹyẹ la fẹ́ sin lónìí. A ò ráyè ẹ̀bẹ̀."

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí Kafilat. "Omi ti gbóná. Gbé e lọ fún àwọn Ààfáà."

Kafilat gbé e. Ó wúwo, ó sì gbé e láì dúró, ó gba àárín àwọn ènìyàn kọjá lọ sí yàrá tí Bàbá wà. Kí àlásàrì tó dé, wọ́n ti sin ín.